Àpótí Tí Ọwọ́-Idán Fi Òdòdó Tì

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Tí ẹ bá lọ́mọ tàbí ọmọ-ọmọ, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Idán. Àpótí rẹ̀ kì í ní kọ́kọ́rọ́. Òdòdó ló máa ń gbẹ́ sí i lára, ẹni tó bá sì mọ òdòdó tó yẹ kí òun tẹ̀, dúróò kékeré kan á yọ jáde fún un. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní kékeré, súìtì ló máa ń fi pa mọ́ síbẹ̀. Ọmọ á tẹ òdòdó, súìtì á jáde, ilé á kún fún ẹ̀rín.

Ọmọ náà dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì, ó lọ sókè òkun, ó sì bí ọmọbìnrin tirẹ̀ síbẹ̀. Ìyàwó Ọwọ́-Idán ti kú. Ó wá ku bàbá nìkan nínú ilé, òun àti òórùn pákó. Orí fóònù nìkan ló ti mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ìgbà wo lo máa wá sílé ọkọ?"

"Bàbá àgbà, ṣé súìtì ṣì wà nínú òdòdó? Mọ́mì ti sọ fún mi!"

"Ó wà níbẹ̀ digbí, ìwọ ló ń dúró dè."

Ó kan àga kékeré kan fún ọmọ náà. Láràárọ̀ ló máa ń nu eruku ara rẹ̀, á sì dúró tì í fúngbà díẹ̀. Àárò ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kàn rí ń sọ ọ́ gan-an ni.

2.
Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, àwọn olè wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó kọjú sí tirẹ̀. Ẹ̀rù ba Ọwọ́-Idán. Ó gbàwé àṣẹ, ó ra ìbọn ìléwọ́.

Ọlọ́pàá tó fún un níwèé kìlọ̀ fún un pé, "Bàbá, òfin ni o. Inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ tì í mọ́. Ọta ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀."

Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín nínú. Irin kẹ̀? Òun tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ń figi dárà? Ẹ wo ìgbéraga! Ó kan àpótí tuntun, ó gbẹ́ òdòdó sí i lára, ó ki ọta bọnú ìbọn, ó kó o sínú dúróò rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó pè é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Mi ò lè gbọ́mọ mi wá sílé tíbọn wà."

"Ìwọ tó ò ń gbé níbi tí wọ́n ti ń fìbọn pààyàn ju tibí lọ? Mo ti kà á. Tiwa ò tó ìdajì tiyín!"

"Orílẹ̀-èdè lẹ̀yin ń kà, Bàbá. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá bá mi ní wọ́ọ̀dù lèmi ń kà. Kì í ṣolè ló yìnbọn fún wọn. Inú ilé wọn níbọn ti wá."

Onígbàjámọ̀ náà dá sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi tólè jà gan-an, kílípà ni mo pàdánù. Mo ti ra òmíì. Ṣé ẹ máa rí ọmọ-ọmọ míì rà?"

Ọwọ́-Idán kọ̀ jálẹ̀. Ọdún yípo. Eyín ọmọ-ọmọ rẹ̀ ká, òmíràn hù. Bàbá ń wo gbogbo rẹ̀ lójú fóònù. Nígbà tí àárò náà pọ̀ jù, ó purọ́.

"Mo ti dá a padà fọ́lọ́pàá."

"Lóòótọ́, Bàbá?"

"Ṣé màá purọ́ fọ́mọ mi ni?"

Ọmọ rẹ̀ sunkún ayọ̀, ó sì lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

3.
Wọ́n dé. Ọmọ-ọmọ náà fò mọ́ bàbá àgbà lọ́rùn. Ó jókòó sórí àga kékeré náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, nítorí ó ti dàgbà kọjá rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá bá ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ohùn kékeré kan wá láti yàrá.

"Bàbá àgbà, súìtì yín mà wúwo o!"

Bàbá sáré. Ó nawọ́ gbá ìbọn náà mú, ó sì dún. Ọta gba àárín àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjá. Ohunkóhun ò ṣe ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó fọwọ́ méjèèjì detí.

Ọmọ rẹ̀ fi gèlè di ojú ọgbẹ́ náà.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ti dá a padà."



Ọlọ́pàá gba ìbọn àti ìwé àṣẹ, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ tirẹ̀ padà sókè òkun. Ìka ọwọ́ ọ̀tún Ọwọ́-Idán kò lè di ayùn mú mọ́. Tó bá pè, ọmọ rẹ̀ ń gbé e. Á ní, "Jẹ́ n gbóhùn ìyàwó mi." Ọmọ rẹ̀ á ní, "Bàbá, ó ti fọwọ́ detí."

Títí dòní, láràárọ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń nu àga kékeré náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ gbọ́ o. Tí òfin bá ní irin, ẹ má fi igi dípò rẹ̀. Ẹ má fi ìṣirò ìlú onílùú tan ara yín, àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ má sì fi irọ́ pe ẹni tí ẹ fẹ́ràn wálé. Olè tí Ọwọ́-Idán ń bẹ̀rù kò wá rárá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.