Fìlà Òtítọ́ Ní Èbúté Asọ́kun

Láti ìgbà tí òfin ti dé pé gbogbo afinimọ̀nà gbọ́dọ̀ dé fìlà òtítọ́, àlejò ti ń dínkù ní Èbúté Asọ́kun. Tí ẹni tó dé fìlà náà bá purọ́, fìlà á kọ bí àkùkọ. Ìjọba tiẹ̀ ti ní àwọn máa ti èbúté náà pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sẹ̀wànù afinimọ̀nà kó àwọn àlejò tó bá ọkọ̀ abẹ́ omi dé lọ sídìí ìbọn àgbá tó wà létí òkun.

"Bàbá ńlá mi fi àgbá yìí lé ọkọ̀ òyìnbó mẹ́wàá lọ!"

Fìlà kọ kekerekèèè.

"Ó dáa, ọkọ̀ kan ni."

Fìlà tún kọ.

"Àgbá yìí ò dún rí. Aṣọ ni bàbá ńlá mi ń sá lé e lórí."

Fìlà dákẹ́. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Obìnrin kan, Títílọpẹ́, gba fìlà náà, ó sì dé e fún ọkọ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé inú ẹ dùn pé màmá mi bá wa wá?"

Ọkọ wo ìyá ìyàwó rẹ̀. "Inú mi dùn gan-an, Màmá."

Fìlà kọ títí àwọn àkùkọ inú ìlú fi ń dá a lóhùn. Ni Màmá bá já a gbà, ó dé e lé gèlè rẹ̀.

"Ọmọ mi, èmi náà ò fẹ́ wá. Títílọpẹ́ ló wọ́ mi wá tipátipá."

Fìlà ò dún rárá. Gbogbo èrò bá yíjú sí Títílọpẹ́, tó ti ń yára lọ síbi ọkọ̀.