Àdúrà Dosu

Ètò ni Ọpẹ́yẹmí fi ń ṣe ayé rẹ̀. Kí gáàsì tó tán, ó ti ra òmíràn. Kí iléèwé tó wọlé, ó ti ra bàtà àwọn ìbejì. Ọ̀rọ̀ oyún nìkan ni kì í rántí àfi bí iná bá ti ń jó, tí yóò wá máa sáré wá omi kiri. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Kò fẹ́ bímọ mọ́. Lọ́jọ́ tó bí àwọn ìbejì, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n Ègùn ni Sètónjí ọkọ rẹ̀, àwọn Ègùn sì ń retí Dosu lẹ́yìn ìbejì bí Yorùbá ṣe ń retí Ìdòwú. Láràárọ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi "Máwù, rántí Dosu" parí àdúrà. Ọpẹ́yẹmí ló máa ń ṣe àmín tó ròkè jù. Ta ni yóò fura sí irú àmín bẹ́ẹ̀?

Sètónjí ń ṣiṣẹ́ ní Ìjànìkin, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Lọ́dún tó kọjá, ó ní ọ̀kadà gbé òun ṣubú. Ó rìn gẹ̀ngẹ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ fúngbà díẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo egbò náà. Látìgbà náà, ara rẹ̀ wá yá gágá, kì í jẹ́ kí òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ lófo. Bó bá ti padà síbi iṣẹ́, Ọpẹ́yẹmí a wọkọ̀ lọ sí Aradagun, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, lọ ra oògùn pàjáwìrì tí kì í jẹ́ kéèyàn lóyún.

Nọ́ọ̀sì Tọ̀yìbátù, tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn náà, wò ó títí.

"Àǹtí, ti pàjáwìrì nìyí, ẹ wá sọ ọ́ di oúnjẹ. Kì í dáàbò boni tó abẹ́rẹ́, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sápá. Ẹ lọ fètò sí i ní ọsibítù."

"Ọkọ mi kì í gbélé, mà. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ó rò pé òun gbọ́n.

Ní Ọjọ́ Ajé kan, Sètónjí gbàyè níbi iṣẹ́, kò lọ. Ọpẹ́yẹmí yọ́ gbé oògùn tó rà pamọ́ mì, kò sì pẹ́ tó fi ń bì lẹ́yìnkùlé. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, sáré dé. Ọpẹ́yẹmí ń retí ijó, àmọ́ ńṣe ni ìyá àgbà jókòó sórí iyanrìn, tó káwọ́ lérí. Sètónjí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ikùn ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀rù ba Ọpẹ́yẹmí, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe oyún. Oògùn tí mò ń lò kí n má baà lóyún ló ń mú mi bì. Ẹ forí jì mí, mi ò fẹ́ bímọ mọ́, ẹ̀rù ikú ń bà mí."

Ìyá àgbà gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Máwù ṣeun o! Ìyá Ìbejì, nítorí kí o má baà kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni mo ṣe fọwọ́ ara mi mú ọkọ rẹ lọ bá dókítà lọ́dún tó kọjá pé kí wọ́n so ọ̀nà àtọ̀ rẹ̀ pa, a ò kàn mọ bá a ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ìwọ tó ń wá Dosu lójú méjèèjì, ni mo ṣe ń fi àdúrà rẹ̀ tù ọ́ nínú."