Ohùn Fadérera Nílé Ìyá Rẹ̀

Lọ́jọ́ kejì tí Fadérera, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, ohùn ara rẹ̀ ló jí i láàárọ̀. Rédíò ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: "Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́?" Orin jùjú sì tẹ̀ lé e.

Àpàlà ni Fadérera máa ń gbé sórí afẹ́fẹ́ láràárọ̀, kò sì béèrè orúnkún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí.

"Màámi, èmi kọ́ nìyẹn o! Ta ló ní kí wọ́n fi ohùn mi ṣe èyí?"

"Èmi ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Iléeṣẹ́ rédíò yín ti ní ẹ̀rọ tó ń fi ohùn rẹ bá olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí oníkálukú yan ohun tó wu etí rẹ̀. Àpàlà ti sú mi tipẹ́."

"Ṣebí ẹ máa ń sọ fún mi pé ètò mi ń dùn?"

"Ó ń dùn náà. Èyí máa ń béèrè àlàáfíà mi láràárọ̀."

Omi lé ròrò sí Fadérera lójú. Bó ṣe fẹ́ fèsì, ohùn inú rédíò tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè.

"Dákẹ́ ná, ọmọ mi. Jẹ́ kí n gbọ́ ẹ."