Ìnàkí Onírin Ìyá Muadh

Ẹni àkọ́kọ́ tí ìnàkí onírin náà wó lù ni awakọ̀ àgbà kan tó wá ra áísìkirímù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù ni ìnàkí náà ya ẹnu, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì já lulẹ̀ gbì. Ọkùnrin náà sáré jáde, ó fi bàtà kan sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìnàkí náà ṣe ń dìde padà.

Ìyá Muadh tó ni ṣọ́ọ̀bù kò rí i dáadáa. Ẹ̀yìn káńtà ló máa ń wà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló sì máa ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn ìnàkí náà nìkan ló mọ̀. Muadh, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló fi ránṣẹ́ láti Ṣáínà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìṣeré. Ọdún ti ń gorí ọdún tó ti lọ. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní wàhálà. Bó bá jáde níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó padà wọlé. Nígbà tí ìnàkí náà dé, Ìyá Muadh ní kí wọ́n gbé e kọjú sí títì, kí gbogbo Múṣíìn lè rí ohun tí ọmọ òun fọwọ́ ṣe.

Ó máa ń jó fún àwọn ọmọdé. Wọ́n máa ń so mọ́ apá rẹ̀, wọ́n máa ń ki ìka bọ ihò imú rẹ̀. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn awakọ̀ náà, ó wó lu ìyá aláṣọ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, tó ń gbé òdìkejì títì, wọlé wá ra omi tútù. Ìnàkí náà já lulẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá náà, nǹkan kan sì ń kùn lábẹ́ àyà rẹ̀. Bàbá náà fẹ̀yìn rìn, ó forí gbá fìríìjì. Kò dìde mọ́.

Ìyá Muadh yọ wáyà ìnàkí náà lára ògiri, ṣùgbọ́n bátìrì wà níkùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ó ṣì ń yí ojú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀dọ́ wá láti Yábàá àti Ojú Ẹlẹ́gbà, wọ́n gbé fóònù sókè. Débọ̀ tó ń ta ṣájà fóònù lẹ́nu ọ̀nà sọ ara rẹ̀ di òpìtàn.

"Ó kọ́kọ́ wo bàbá yẹn láti òkè délẹ̀," ló ń wí. "Ó ní, 'Ẹran yìí ti gbó jù.' Ó sì tún jẹ ẹ́ náà ni!"

"Jẹ ẹ́ báwo? Ṣebí odidi ni wọ́n sin ín," ọmọbìnrin kan dá a lóhùn.

"Ó kàn tọ́ ọ wò ni, àǹtí mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ra áísìkirímù. Abigail, tó ń bá Ìyá Muadh tajà, kò ráyè jókòó.

"Mọ́mì, èmi ò bẹ̀rù ẹ̀ o," ló wí. "Kì í bá ẹgbẹ́ tèmi jà. Àgbà ló ń wá. Téèyàn bá ti hu ewú, ó ti wọ gàù."

"Panu ẹ dé."

"Ẹ sáà pe Bọ̀ọ̀dá Muadh, kí wọ́n sọ bí a ṣe máa pa á."

"Kí n ní kí ni? Pé ẹ̀bùn tó fún mi pààyàn?"

Muadh fúnra rẹ̀ ló pè. Ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó béèrè ọjà. Ó wá ní, "Ṣé ẹ ti dúró níwájú ìnàkí yẹn?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń dúró."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Ó dára gan-an."

Muadh ní òun máa wo ohun tó fà á tí kò fi ṣe nǹkan kan.

Láti ìgbà náà ni Ìyá Muadh kò ti lè jókòó sójú kan. Ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń padà. Àwọn àgbà àdúgbò ti ránṣẹ́ sí i pé bí Jímọ̀ bá bá ìnàkí náà níbẹ̀, àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ṣọ́ọ̀bù náà ló ń bọ́ ọ. Ìnàkí náà sì ni ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ Muadh ti kàn nínú ilé rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àkàngbé, wẹ́dà tó ń jó irin, tí Ìyá Muadh ránṣẹ́ pè, gbé ayùn oníná wá. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, nítorí náà ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé.

"Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń mú ẹran búburú," ó wí. Ó wo irun tí wọ́n rán bo ìnàkí náà, ó wo bí wọ́n ṣe so oríkèé rẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín mà ni. Ṣé kí n gé e lóòótọ́?"

Ìyá Muadh yí káńtà po, ó bọ́ síwájú, kó lè rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ojú ìnàkí náà dúró lórí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó já lulẹ̀ lórí táìlì, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìka ẹsẹ̀ Ìyá Muadh, ó sì ń kùn, ó ń kùn, ó pẹ́ ju bó ṣe kùn sí ẹnikẹ́ni lọ.

"Gé e!" Ìyá Muadh figbe ta. "Gé e, ó fẹ́ pa èmi náà!"

Àkàngbé fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó gbé ayùn lé ọrùn rẹ̀. Kíkùn náà kò dá títí orí fi yí lọ. Àkàngbé wá gé àyà náà sí méjì, ilé sì dákẹ́.

Débọ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Muadh, ẹ kú ará fẹ́ra kù o."

Abigail bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n kó irin náà sínú àpò ìrẹsì. Ìyá Muadh jókòó. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ìyá mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àwòrán ṣọ́ọ̀bù yín ni," Muadh wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ́ tìmùtìmù síbi tí ọwọ́ ìnàkí náà ń balẹ̀ sí, kí àyà rẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́lẹ̀, torí àyà rẹ̀ ni mo gba ohùn mi sí, bó bá sì ti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà lórí táìlì báyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé èmi ni mò ń kí wọn."