Orúkọ Inú Ìwé Kíláàsì

"Rọra tẹ ibẹ̀ yẹn, ọmọ mi," ni baba tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì náà wí fún tíṣà tó wá wo ilé ìjọsìn náà. "Àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló sùn sábẹ́ rẹ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Baba ṣí ìwé kíláàsì àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ń pe orúkọ ọmọ ìjọ láyé àtijọ́.

"A kì í pa orúkọ òkú rẹ́ níhìn-ín. À ń pè é títí ẹbí rẹ̀ kan yóò fi dáhùn."

Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògiri nìkan ló ń gbóhùn padà. Nígbà tó kan orúkọ alágogo àkọ́kọ́, orí tíṣà wú. Bàbá ńlá rẹ̀ nìyẹn!

"Ẹbí rẹ̀ wà níbí o!" ni tíṣà dáhùn.

Baba mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́, ó jáde, ó sì tilẹ̀kùn.

"Baba! Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé. Ogójì ọdún rèé tí èmi náà ti dáhùn, tí mo sì ti ń pè wọ́n."

Lábẹ́ ẹsẹ̀ tíṣà, ẹnì kan wúkọ́.

"Tíṣà, ẹ máa pè wá lọ."