Ọ̀nà Fọ́tò Àlàó

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú nígbà tí Ìyá Àlàó mú fláàṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Tìjàní. Àlàó ọmọ wọn ti sọnù láti ọdún méjì, fọ́tò ẹ̀ kan ṣoṣo tó kù ló wà nínú fláàṣì yẹn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ni Tìjàní wí. "Fáìlì tí mi ò lè ṣí, wọn ò tíì bí i!"

Kọ̀ǹpútà onímáòsì kọ̀, ó ní ọ̀nà tó lọ sídìí fọ́tò náà ti gùn jù. Tìjàní fi í rẹ́rìn-ín, ó ki fláàṣì bọ èyí tó lójú dúdú, tó jẹ́ pé wọ́n ń tẹ àṣẹ sí i ni. Fódà wà nínú fódà bí ìkòkò nínú ìkòkò. Ó ṣí "Oko Bàbá." Ó ṣí "Afárá Onípákó." Pákó dún lókèèrè, gbì, gbì.

"Ọ̀nà tí Àlàó máa ń gbà wálé nìyẹn," ni ìyá wí jẹ́jẹ́.

"Ewúrẹ́ ni, Màmá." Àmọ́ òógùn ojú Tìjàní ti tó kẹ̀ǹgbẹ̀ méjì.

Ó ṣí "Ìdí Òdán." Ajá gbó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Ó wá ku "-Ẹnu Ilẹ̀kùn." Dáàṣì, ìlà kékeré tó ṣáájú orúkọ yẹn, ń tan ẹ̀rọ jẹ, ẹ̀rọ ń rò pé àṣẹ ni. Tìjàní fi dọ́ọ̀tì àti ìlà tó dagun síwájú ẹ̀, ọgbọ́n tó fi ń yangàn káàkiri ìlú. Ó ku kó tẹ bọ́tìnì, ìka ẹ̀ kọ̀. Nǹkan ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ẹ jẹ́ ó dọ̀la."

Ìyá na ọwọ́ kọjá èjìká ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn yí díẹ̀díẹ̀.

"Wọlé, Àlàó, ọkọ mi," ni ìyá wí.