Orúkọ Ìyá Àgbà Láàrin Àwọn Olóògbé

Lọ́dọọdún ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ka orúkọ àwọn olóògbé, èmi ni mo sì máa ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá àgbà mi mú orúkọ ọkọ rẹ̀ wá. Orúkọ tirẹ̀ ni mo ṣèèṣì tẹ̀, Ráhẹ́lì Àwẹ̀ró. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè dìde lórí ẹní.

"Ìwọ ọmọ yìí, yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó kà á lọ́la!" Àbúrò ìyá mi ń sunkún lórí fóònù. "Màmá ò mí dáadáa mọ́ o!"

Ilẹ̀ ti ń ṣú, èmi nìkan ló kù nínú ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wá orúkọ náà, mo rí i ní ìlà ogójì, mo pa á rẹ́. Mo tún wá a, ó ti wà ní ìlà kẹwàá. Mo pa á rẹ́. Ó bọ́ sí ìlà kẹta.

Nígbà náà ni ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti fọwọ́ ara mi tì pa. Ó ka ìkíní. Ó ka ìkejì. Mo yára pa orúkọ Ìyá àgbà rẹ́, ìlà kẹta náà sì ṣófo.

Ohùn náà dúró. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó wá rọra bi mí pé:

"Ọmọ mi, orúkọ ta ni kí n kà síbẹ̀?"